Ìbátan Erin Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlàájà

Erin kan wà láyé àtijọ́ tí eyín rẹ̀ kò kọjú sókè bíi ti erin tí a mọ̀. Láti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni eyín méjèèjì ti hù, wọ́n sì tẹ̀ wá sílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá so ọkọ́ méjì mọ́ àgbọ̀n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀ ní yunifásítì, mo rò pé ẹni tó yà á ló ṣìṣe, mo sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo kà pé àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ rí egungun àgbọ̀n náà pàápàá gbé e dorí kodò, nítorí wọn ò gbà pé irú erin bẹ́ẹ̀ lè wà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn ìbátan erin ti wọ̀ mí lára. Èyí tó ní eyín mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Èyí tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bíi ṣọ́bìrì. Èyí tí kò tóbi ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ, tó ń gbé inú ẹrẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ wọn, ohùn mi a ga, ọwọ́ mi a máa fò káàkiri, àwọn èèyàn a sì máa wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó fi ilé sílẹ̀.

Kétu ni ilé mi, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń fi Faransé kàwé. Olùkọ́ ni bàbá mi. Kí n tó gboyè tán ló ti bá mi wá iṣẹ́ olùkọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Mo ní Èkó ni mo fẹ́ lọ. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ fi egungun erin ṣe níbẹ̀. "Kò sí ẹran lára egungun yẹn mọ́," ló wí, ó sì padà sídìí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, ó ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí n tó jí.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹni tó ti gba ẹnubodè kọjá mọ bó ṣe rí, ẹni tí kò sì tíì gbà á kò pàdánù nǹkan kan.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Múṣín kì í ṣe èrò, kì í sì í ṣe ariwo jẹnẹrétọ̀. Yorùbá wọn ni. Nílé, mo ti fi ọkàn balẹ̀ pé èdè kọ́ ni yóò jẹ́ ìṣòro mi. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n. Àmọ́ Yorùbá Èkó ń sáré, ó sì pọn Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn bí ọmọ. Wọ́n á ní kí n wéètì, wọ́n á ní kò sí ṣénjì, wọ́n á sì ti kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn kí n tó tú èyí tí wọ́n sọ. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo lọ ra búrẹ́dì níwájú ilé. Mo fi ohùn Kétu béèrè iye tó jẹ́. Obìnrin tó ń tà á wojú mi, ó bi mí bóyá ọmọ Àgànyìn ni mí. Kò bi mí tìjà-tìjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin méjì tó dúró níbẹ̀ gba ohùn náà lẹ́nu mi, wọ́n ń fi bi ara wọn léèrè iye búrẹ́dì títí mo fi yà sí kọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, nítorí àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀sín lásán ni. Bí òyìnbó bá fi èdè mi rẹ́rìn-ín, mo lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú mi ló rẹ́rìn-ín yìí. Ó dà bí ẹni pé mo padà délé, wọ́n sì ní àwọn ò rí mi rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ẹnu mi dé.

Ilé Àlàájà ni mo gba yàrá sí. Ilé àtijọ́ ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí yàrá kọjú síra wọn lọ́tùn-ún lósì. Àlàájà fúnra rẹ̀, aránṣọ ni, máṣíìnì rẹ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, débi pé kò sẹ́ni tó lè wọlé tàbí jáde láìkọjá níwájú rẹ̀. Èmi a máa bọ́ bàtà mi sọ́wọ́ kọjá. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é. Mi ò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo rò pé bí wọ́n bá rí i pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí, lọ́jọ́ kan wọ́n á kí mi, èmi náà á sì dáhùn.

Yábà ni ibi iṣẹ́ wà, ní òkè ilé kan tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi háyà. Òun ló gbà mí síṣẹ́, ìdí tó sì fi gbà mí ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ń bá àwọn èèyàn ṣètò irú ìkànnì kan lórí ayélujára, èyí tí àwọn tó dá a sílẹ̀ fi orúkọ ọ̀kan lára àwọn ìbátan erin àtijọ́ pè. Nígbà tó rí i nínú ìwé ẹ̀rí mi pé egungun erin ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n jókòó.

Kí n sọ bí ìkànnì náà ṣe rí, nítorí ó wù mí láti sọ ọ́. Àwọn ìkànnì tí gbogbo ayé mọ̀ dà bí ilé ńlá kan tó ní onílé kan ṣoṣo. Bí inú bá bí onílé, ó lè lé ọ jáde, ó sì lè sọ pé òun fẹ́ wó ilé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tirẹ̀, olórí tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀, bí agbo ilé nínú ìlú. Ẹni tó wà nílé kan lè jókòó síbẹ̀ kó máa bá ẹni tó wà nílé kejì sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè ta gbogbo ìlú. Ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ara mi yá gágá. Mo mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Ilé kan ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ó fẹ́ kó jẹ́ ibi tí a ó ti máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ẹranko àtijọ́, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa bi àwọn onímọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ láti ibikíbi. Ó sì sọ àdéhùn náà láìfi bò. Owó ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí òjò ọdún yẹn bá fi dáwọ́ dúró tí ẹnikẹ́ni láti ilé mìíràn kò tíì bá wa sọ̀rọ̀, òun yóò pa á, kò sì ní sí iṣẹ́ mìíràn tí òun lè fún mi. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kétu ni, iléèwé tó wà nítòsí ilé wa ni, àti bàbá mi tí kò ní sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí ojú rẹ̀ yóò máa sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Mo ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo kọ̀wé nípa erin eléyín mẹ́rin. Mo fi ọwọ́ ara mi ya erin tó ní ọkọ́ lágbọ̀n. Ní àràárọ̀ mo máa ń sáré débẹ̀ láti wò ó bóyá ẹnì kan ti fèsì, kò sì sí nǹkan kan, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, bí ẹni pé inú kànga ni mò ń sọ ọ́ sí.

Mo mọ ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe. Ó wà nínú àlàyé tí mo kà: kó tẹ̀lé àwọn tó wà nínú ilé mìíràn, kó fèsì sí ọ̀rọ̀ wọn. Bí èèyàn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó bá kọ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, torí àwọn ilé yòókù kò mọ̀ pé ilé tirẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n lójú mi, àfojúdi ni. Kí n kàn máa tẹ̀lé ẹni tí n kò mọ̀ rí? Onímọ̀ tó ti ń wú egungun kí wọ́n tó bí mi? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí mi ná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè. Kì í béèrè bóyá mo ti jẹun. Ìbéèrè kan ló ní.

"Ta lo kí lónìí?"

Mo máa ń sọ fún un pé gbogbo wọn ń bẹ, pé ara wọn le. Òun á ní òun ò béèrè bóyá wọ́n ń bẹ. Èmi á sì yí ọ̀rọ̀ sí ojú ọjọ́. Bàbá kì í gba fóònù. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan burú débi pé ní ọjọ́ kan tí ọkọ̀ tí mo wọ̀ gba ọ̀nà ibòmíràn, ojú tì mí láti béèrè ibi tí a wà. Mo dákẹ́ jókòó títí a fi dé Costain, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Yábà nínú òjò, pẹ̀lú ẹnu tí ì bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ronú kan àwọn erin àtijọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé bóyá báyìí náà ni ti ìkẹyìn wọn ṣe rí, tó dúró sí pápá, tó ń retí kí òmíràn fọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni Àlàájà dá mi dúró. Mo ti bọ́ bàtà mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Wá, ọmọ Kétu. Ṣé ilé mi ń rùn ni?"

Mo ní rárá, mà.

"Ó dáa. Ṣé àwa tá a wà nínú rẹ̀ la wá ń rùn?"

Bùọ̀dá Ganíyù, tó jẹ́ wẹ́dà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, dúró níbẹ̀ tòun ti pákò lẹ́nu. Ó ní kí Àlàájà fi mí sílẹ̀ jàre, pé Aṣojú Ìjọba ni òun ti sọ mí láti ọjọ́ tí mo ti dé, àwọn aṣojú ìjọba kì í sì í bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Àlàájà ní kí n má dá a lóhùn.

Gbogbo ohun tó wà nínú mi ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣàlàyé pé mi ò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́ ni, pé ohùn mi kò dà bíi tiwọn, pé mo ń retí kí wọ́n kí mi kí n lè mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Àwọn ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Àlàájà tẹ́tí sí i títí mo fi sọ ọ́ tán, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ń retí wa," ló wí. "Àwa náà ń retí rẹ. Ọmọ mi, ẹni tó wọlé ló ń kí ará ilé. Ṣé èmi ni màá dìde nídìí iṣẹ́ mi láti wá kí ẹni tó ń wọlé bọ̀? Wọn ò kọ́ ọ ní Kétu ni?"

Wọ́n kọ́ mi. Kí n tó lè kọ orúkọ mi ni wọ́n ti kọ́ mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Ní Kétu, mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni kọjá láìkúnlẹ̀, àmọ́ mo rò pé nílẹ̀ àjèjì, àlejò ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo kí i. Mo sì lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, mo kí wọn ní ohùn Kétu, torí kò sí òmíràn lẹ́nu mi. Wọ́n bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí bí wọ́n bá bi mí ní ìyẹn. Láìpẹ́ mo ti dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ mi ń fò, mo ń sọ fún wọn pé erinmi tó ń jẹ́ orúkọ erin kò bá erin tan, pé òfàfà tó ń gorí igi, tí kò tóbi ju ológbò lọ, òun gan-an ni ìbátan erin tó kù sínú igbó wa.

"Òfàfà àti erin," ni Bùọ̀dá Ganíyù wí. "Ìyẹn ni pé èmi náà lè jẹ́ ìbátan gómìnà."

"O lè jẹ́ ẹ," ni Àlàájà dáhùn. "Bóyá o ò kàn tíì lọ kí i ni."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àlàájà wá béèrè bí òfàfà ṣe ń ké, torí pé Múṣín ni wọ́n bí òun sí, ìgbe mọ́tò nìkan lòun mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Lóko bàbá mi àgbà, igbe rẹ̀ la fi máa ń sùn lálẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo ní ó dìgbà mìíràn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní Yábà bí ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé àwọn àgbà. Mo tẹ̀lé ẹni àkọ́kọ́. Mo kọ̀wé sí i pé mo kí i, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni, pé mo gbádùn ohun tó kọ nípa eyín erin. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, àti ẹlòmíràn. Kí n tó jẹun ọ̀sán, obìnrin kan tó ń ṣe olórí ilé àwọn tó fẹ́ràn egungun, ní ìlú òtútù kan tó jìnnà, ti fèsì. Ẹsẹ̀ mi kò fara balẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó kí mi káàbọ̀. Ó wo ibi tí mo ti wá, ó sì béèrè nípa òfàfà. Ó ní èyí tí òun ti gbọ́ láti ibòmíràn ń kígbe tòò bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè, àmọ́ òun ti kà á pé èyí tó wà láàárín odò Ọya àti odò Fólítà kì í kígbe bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ti gbọ́ ọ rí? Ṣé mo lè fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́?

Níbo ni n ó ti rí òfàfà ní Múṣín? Òjò sì ti ń dínkù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Àlàájà. Ó pe gbogbo ilé. Bùọ̀dá Ganíyù di fóònù mi mú, ó ní kí Aṣojú Ìjọba máa sọ̀rọ̀. Mo pa ojú mi dé. Mo ronú kan oko bàbá mi àgbà, mo sì ṣe é: bíi kí nǹkan máa gbọ̀n kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú igbá, lẹ́yìn náà gbígbó, ọ̀kan lórí òmíràn, tó ń le sí i, bí ajá kékeré kan tó rò pé ẹkùn ni òun. Mo ṣe é dé òpin.

Nígbà tí mo la ojú, Àlàájà ti gbé orí lé máṣíìnì, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró de ìrora ti ọjọ́ búrẹ́dì, kò wá. Bùọ̀dá Ganíyù ní kí n tún un ṣe, òun fẹ́ kọ́ ọ.

Mo fi í ránṣẹ́ tòun ti ẹ̀rín náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn ló ń sín ẹranko jẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òfàfà gidi ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, inú ilé mi lórí ìkànnì ń hó. Obìnrin ìlú òtútù náà ti gbé e kiri. Ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe gbọ́ ọ ní ẹ̀bá igbó kan ní Tógò. Ẹlòmíràn ń jiyàn. Ẹnì kan kọ ọ́ ní Yorùbá pé Ìlúpéjú lòun wà, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Múṣín, pé òun kò mọ̀ pé ilé bẹ́ẹ̀ wà, ṣé òun lè kó wọlé. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi dúró lẹ́yìn àga mi, ó ń kà á, ó ń kà á. Kò yìn mí. Ó ní a ó nílò ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí lọ.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Òfàfà àgbègbè wa ní ohùn tirẹ̀, kò bá ti ibòmíràn mu, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé nítorí náà kì í ṣe ìbátan erin. Ṣe ni wọ́n sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo ti ń fi ohùn mi ra búrẹ́dì báyìí.

Ìyá mi, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ òfàfà náà fún lọ́sẹ̀ tó kọjá, pè ní ọjọ́ Àìkú.

"Ta lo kí lónìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Àlàájà. Bùọ̀dá Ganíyù. Obìnrin oníbúrẹ́dì. Ará Ìlúpéjú. Obìnrin ìlú òtútù. Mo ń bá a lọ títí ó fi ní ó tó, fóònù òun á gbóná. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá rẹ jókòó síbí. O mọ̀ pé kò ní béèrè fóònù."

Mo mọ̀. Ó sì yé mi, níbi tí mo jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì, pé ohùn mi ló ń wọlé tọ̀ ọ́, kì í ṣe tirẹ̀ ló ń wọlé tọ̀ mí. Mo ní kí ìyá mi gbé e fún un. Mo gbọ́ ìmí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

Ó dáhùn. Ó wá ní, "Ìyá rẹ ní o gbó bí òfàfà fún àwọn òyìnbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣe é kí n gbọ́ bóyá o ṣe é dáadáa."

Mo ṣe é láti orí ìkúnlẹ̀ mi, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, gbígbó, gbígbó. Bí mo ṣe dákẹ́, òfàfà mìíràn dáhùn láti òdì kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ nípọn, ó le, kò sì bá a mu rárá. Ó gbó títí Àlàájà fi kígbe pé kó pa ẹnu dé.

Bàbá mi ti gbọ́ ọ.

"Ta nìyẹn?"

"Ará ilé mi ni, Bàbá."